JAMSETJI TATA, ONÍṢÒWÒ ÒWÚ TÓ DI ONÍLÉ IṢẸ́

Orúkọ Tata tí ẹ máa ń rí lára ọkọ̀, orúkọ èèyàn ni. Jamsetji Tata, ọmọ Íńdíà, oníṣòwò bíi tiwa ni.

Ọdún 1839 ni wọ́n bí i ní Navsari. Bàbá rẹ̀ ń ṣòwò ní Bombay, tí a mọ̀ sí Mumbai lónìí. Ní 1859 wọ́n rán an lọ sí Hong Kong, òwú àti opium ni wọ́n ń tà fún àwọn ará Ṣáínà. N kò ní fi bò, oògùn olóró ni opium, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Íńdíà náà sì ń jèrè lórí ẹ̀.

Àwọn ará Íńdíà ti ń hun aṣọ tà káàkiri ayé tipẹ́ kí ẹ̀rọ Lancashire tó dé. Nígbà tó yá, òwú ni wọ́n ń kó lọ sí Ìlú Ọba, aṣọ ni wọ́n ń kó padà wá tà fún ẹni tó gbin òwú. Ẹ̀yin aláṣọ inú wa á mọ ibi tí èrè ń gbà lọ.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1861, òwú ibẹ̀ kò dé Lancashire bó ṣe yẹ mọ́, owó òwú Bombay bá fò sókè. Ogun parí ní 1865, owó já wálẹ̀. London ni Jamsetji wà tòun ti òwú lọ́wọ́. Òwò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

Wọ́n rọ́wọ́ mú padà, ó sì lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe aṣọ ní Lancashire. Nagpur ló kọ́ ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sí, torí àárín àwọn tó ń gbin òwú ló wà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1877, ọjọ́ tí wọ́n kéde oyè Ọbabìnrin Victoria lórí Íńdíà, ló ṣí i, ó sì sọ ọ́ ní Empress Mills. Ọgbọ́n ọjà nìyẹn lójú tèmi.

Ọgbọ́n yẹn kò gbà á lọ́wọ́ owó orí. Ní 1896, torí ariwo àwọn aláṣọ Lancashire, ìjọba bu 3.5 nínú 100 lé aṣọ tí ẹ̀rọ Íńdíà hun, iye kan náà tí wọ́n ń gbà lórí aṣọ tó ń ti òkèèrè wọlé. Ìparí 1925 ni wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró!

Ti ọkọ̀ ojú omi tún ńkọ́? P&O ti Ìlú Ọba ń gba owó gọbọi lórí ẹrù tó ń lọ sí Ṣáínà àti Japan. Ní nǹkan bí 1893, Tata bá àwọn ará Japan dòwò pọ̀, ó gba ọkọ̀ tirẹ̀, ó dín owó kù. P&O náà gé tiwọn wálẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀fẹ́. Ẹ̀dínwó máa ń fa èèyàn. Àwọn oníbàárà sá padà lọ́kọ̀ọ̀kan, òwò ọkọ̀ náà sì kú.

Irin ló wá gbà á lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó kú ní Jámánì ní 1904 kó tó rí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn olówó London, wọn ò rí owó níbẹ̀. Ní 1907 àwọn ará Íńdíà fúnra wọn, nǹkan bí 8,000 èèyàn, dá owó náà láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Irin jáde ní 1912. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ra irin ojú ọ̀nà rélùwéè lọ́wọ́ wọn, nígbà tó sì di 1919, aṣojú ọba ní Íńdíà lọ síbẹ̀ lọ yí orúkọ ìlú tí ilé iṣẹ́ náà wà padà láti Sakchi sí Jamshedpur.