Émile Durkheim: ọkùnrin tó wádìí ohun tó so wá pọ̀

Níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́, nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́, orúkọ kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kankan ò lè jáde láì gbọ́ ọ: Durkheim. Wọ́n á há a sórí nítorí ìdánwò. Bí ìdánwò bá ti kọjá, ó parí náà nìyẹn. Ó máa ń dùn wá, torí pé ìbéèrè tí ọkùnrin yìí fi gbogbo ayé rẹ̀ bi kàn wá gan-an: kí ló ń so àwọn ènìyàn pọ̀ tí ìlú fi ń jẹ́ ìlú? Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn rẹ̀ lónìí.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1858 ni wọ́n bí i ní Épinal, ìlú kan níhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Júù ni wọ́n. Bàbá rẹ̀ jẹ́ rábì, ìyẹn ni olórí ẹ̀sìn wọn. Bàbá bàbá rẹ̀ ṣe rábì, ẹni tó bí ìyẹn náà ṣe é. Ẹ mọ bí nǹkan ìdílé ṣe máa ń rí: òun ni wọ́n ń wò pé ó kàn. Ó tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀hún, àmọ́ nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́ ló ti pinnu pé òun ò ní ṣe é. Kò torí ìyẹn bá àwọn ará ilé rẹ̀ jà, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi kú.

Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ogun dé láàárín Faransé àti Jámánì lọ́dún 1870. Àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Épinal. Faransé fìdí rẹmi, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi: àwọn Júù ni wọ́n nàka sí. Ọmọdé yẹn rí i pé àwùjọ tí ìyà bá ń jẹ máa ń wá ẹni tí yóò gbé ẹ̀bi náà lé lórí. Kò gbàgbé rẹ̀.

Ó lọ sí Paris láti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí wọ́n ń pè ní École normale supérieure. Ó ṣe ìdánwò, ó já. Ó tún ṣe é, ó tún já. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó wọlé, lọ́dún 1879. Jean Jaurès àti Henri Bergson, tí orúkọ wọn padà di ńlá, jọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó sì ṣe ìdánwò agrégation lọ́dún 1882, ipò kejì láti ẹ̀yìn ló wà. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ti ń sọ pé ọmọ yín ò lọ́pọlọ torí pé ó já lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbọ́ o.

Ó kọ́kọ́ ń kọ́ni ní lísè ní Sens, ní Saint-Quentin àti ní Troyes. Lọ́dún 1887, wọ́n gbé e lọ sí yunifásítì Bordeaux. Ọdún yẹn náà ló fẹ́ ìyàwó rẹ̀, Louise Dreyfus. Wọ́n bí Marie, wọ́n bí André. Ọdún 15 ló lò ní Bordeaux, àwọn olùkọ́ ilé ìwé sì wà lára àwọn tó ń kọ́ níbẹ̀. Nǹkan méjì ni wọ́n ní kó máa kọ́ni: bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, àti ìmọ̀ nípa àwùjọ, tí à ń pè ní sosiolojí. Irú iṣẹ́ yẹn ò sí ní yunifásítì ilẹ̀ Faransé tẹ́lẹ̀.

Kí wá ni ẹ̀kọ́ rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ, ká sì pe àwọn méjì mìíràn kún un, torí pé àwọn mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń tò pọ̀: Karl Marx, Durkheim àti Max Weber.

Ọmọ Jámánì ni Marx. Ọdún 1818 ni wọ́n bí i, ó sì kú sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1883. Bàbá bàbá tiẹ̀ náà jẹ́ rábì. Bí Marx bá dé ọjà, ohun tó máa béèrè ni pé: ta ló ni ìsọ̀? Ta ló ń ru ẹrù? Ta ló ń kó èrè lọ sílé? Lójú tiẹ̀, ìjà wà láàárín àwọn tó ni nǹkan àti àwọn tó jẹ́ pé agbára apá wọn nìkan ni wọ́n ní, ìjà yẹn ló sì ń ti ayé síwájú.

Durkheim máa béèrè nǹkan mìíràn. Báwo ni ẹni tí kò bá mi tan ṣe lè gbé ọjà fún mi láwìn, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀? Nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1893, ó ní ìdè méjì ló wà. Níbi tí gbogbo wa ti jọ ń ro oko kan náà, tá a jọ ń bọ ohun kan náà, jíjọra ló so wá pọ̀. Níbi tí iṣẹ́ ti pín sí ọ̀nà púpọ̀, alágbẹ̀dẹ ò lè ṣe é kó má ra gàrí, ẹlẹ́gàrí náà ò lè ṣe é kó má ra ọ̀bẹ. Àìjọra wa ló wá so wá pọ̀, bíi ti ọwọ́ ọ̀tún tó ń wẹ òsì, tí òsì náà ń wẹ ọ̀tún. Kì í ṣe pé kò rí ìrẹ́jẹ o. Ó sọ ọ́ kedere pé níbi tí wọ́n bá ti bí ẹnìkan sínú ọlá, tí wọ́n bí èkejì sínú òṣì, àdéhùn àwọn méjèèjì ò lè tọ́.

Weber, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí lọ́dún 1864, máa jókòó ti ìyá tó ń tajà, á béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Kí ló dé tó fi ń gbọ́ràn sí àwọn aláṣẹ lẹ́nu? Weber ní ọ̀nà mẹ́ta ni àṣẹ ń gbà wá: àṣà, bíi ti ọba; ẹ̀bùn tí ènìyàn ní, bíi ti wòlíì; tàbí ìwé òfin, bíi ti mẹ́ẹ̀rì.

Ṣé ẹ rí i? Ọjà kan náà, ojú mẹ́ta.

Lọ́dún 1897, Durkheim gbé ìwé mìíràn jáde lórí àwọn tó ń pa ara wọn. Gbogbo ayé gbà pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹnìkan ni. Ó kó àkọsílẹ̀ ìjọba jọ, Marcel Mauss tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ràn án lọ́wọ́, ó sì fi hàn pé ẹni tí kò ní aya tàbí ọkọ sábà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹni tó ní lọ, àti pé nǹkan ọ̀hún ń pọ̀ nígbà tí ayé bá yí padà lójijì, kódà bó jẹ́ owó ló dé. Ìgbà náà, òfin àtijọ́ ti dákẹ́, tuntun ò tíì sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó yẹ kí ìfẹ́ ọkàn òun dúró sí.

Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀sùn èké kan ológun Júù kan tó ń jẹ́ Dreyfus, Durkheim ò dákẹ́. Ó gbèjà rẹ̀ ní gbangba. Lọ́dún 1902 ó lọ sí Sorbonne ní Paris. Lọ́dún 1912 ó kọ ìwé ńlá lórí ẹ̀sìn: ó ní nígbà tí àwọn ènìyàn bá péjọ tí wọ́n ń jọ́sìn, agbára tí wọ́n ń mọ̀ lára jẹ́ agbára àwùjọ fúnra rẹ̀. Ẹlẹ́sìn lè má gbà, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwa náà ní tiwa láti sọ. Àwọn ará Australia ló fi kọ ìwé yẹn, kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Ìwé àwọn ẹlòmíràn ló kà. Lọ́dún 1892 ni àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Abomey, ìwé rẹ̀ lórí ohun tó so ènìyàn pọ̀ sì jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí? Ó ka àwọn tí kì í ṣe òyìnbó sí àwùjọ tí kò díjú. Ẹni tó bá mọ ètò ààfin Kétu mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ogun 1914 ló fọ́ ilé rẹ̀. Robert Hertz, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó mú bí abẹ, kú lójú ogun lọ́dún 1915, àwọn mìíràn náà lọ. Nínú oṣù kejìlá ọdún yẹn, ogun pa André, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó ní, ní apá Balkan. Ó pẹ́ kí ìròyìn tó dé ilé. Lọ́dún 1916 yẹn náà, aṣòfin kan dìde níbi ìpàdé, ó fẹ̀sùn kàn án pé Jámánì ló ń ṣiṣẹ́ fún. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ kú fún Faransé o! Àìsàn dá a gúnlẹ̀. Ó gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ ìwé kan lórí ìwà ọmọlúàbí, kò parí rẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1917 ló kú ní Paris, lẹ́ni ọdún 59.

Lábúlé wa lónìí, àwọn ọmọ ń lọ sí Kútọnù, wọ́n ń lọ sí Èkó. Ọ̀wẹ̀ ti ń ṣọ̀wọ́n, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé á gbówó fún lébìrà. Marx á ní ká wo ẹni tí owó yẹn ń lọ sọ́wọ́ rẹ̀. Weber á ní ká béèrè ohun tí àwọn ọmọ náà ń wá. Durkheim á ní ká má kàn sunkún ìdè àtijọ́, ká wo èyí tí a fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀: ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, àjọ, ilé ìwé. A rò pé a nílò ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ bí ìpàdé ìlú bá tún pé, tiẹ̀ ni ká kọ́kọ́ gbé kalẹ̀.