Olóyè Hubert Ògúndé àti Ọ̀rọ̀ Ẹ̀bi Ẹ̀dá

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí a bá dárúkọ Olóyè Hubert Ògúndé, eré orí ìtàgé ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ rántí. Ní tèmi, sinimá wọn ni ó fi ìbéèrè kan sí mi lọ́kàn láti kékeré.

Òṣósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni a ti bí wọn ní 1916. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá wọn, babaláwo sì wà nínú ẹbí. Wọ́n ṣe tíṣà, wọ́n wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941. Ní 1944, wọ́n gbé eré kan jáde ní Èkó fún ìjọ Aládùúrà kan. Ní 1945, wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèré tiwọn sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ọmọ pásítọ̀, tíṣà, ọlọ́pàá. Kò sí èyí tí kì í wá ẹlẹ́bi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bínú sí Yorùbá Ronú, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ náà títí di 1966. Olóyè náà tọ́ ẹ̀bi wò fúnra wọn.

Ní 1979 ni sinimá Ayé jáde. Ọlá Balógun ni olùdarí. Ògúndé fúnra wọn ni Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí ó kojú àwọn àjẹ́. Jáyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ wo Ayé. Ìyá arúgbó kan ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà wa nígbà náà. Ojú wọn pọ́n, wọ́n sì ń dá gbé. Ẹ̀rí tí mo ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ pè wọ́n ní àjẹ́. Àwa ọmọdé kò ra ẹ̀kọ wọn mọ́. Kò pẹ́, àwọn àgbà náà kò kí wọn mọ́. Kí ọdún tó parí, ìyá náà ti kó ẹrù wọn kúrò ládùúgbò.

Mo ti rò ó títí bóyá sinimá ni ó jẹ̀bi. Nínú Ayé, òǹwòran fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí àwọn àjẹ́ ti ń pàdé. Kò sí iyè méjì. Ta ni ó rí ìyá ẹlẹ́kọ níbi ìpàdé kankan? Ohun tí eré fi hàn gbangba, àwa mú un wálé, a fi ìfura dípò ẹ̀rí.

Ní 1982 wọ́n ṣe Àrópin N Tènìyàn, ní 1988 wọ́n ṣe Àyànmọ́. Wọ́n kú ní London ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1990. Orúkọ Àyànmọ́ nìkan tó láti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní kíláàsì mi: bí ẹ̀dá bá ti kúnlẹ̀ yan ìwà ibi, ta ni a ó bá wí? Àwọn kan a ní orí ni, àwọn kan a ní ọwọ́ olúwarẹ̀ ni. Ì bá wù mí kí n gbè sẹ́yìn àwọn tí ń dá orí lẹ́bi, ṣùgbọ́n n kò rántí orí kankan tí ó rán mi sí ìyá ẹlẹ́kọ.