Papwa Sewgolum: Agbá-gọ́ọ̀fù tí wọ́n fún ní ife ẹ̀yẹ nínú òjò

Ọkùnrin tó gba ife ẹ̀yẹ Dutch Open ní Netherlands lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ilé ẹgbẹ́ àwọn agbá-gọ́ọ̀fù ní ìlú Durban tó dàgbà sí.

Sewsunker Sewgolum ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Papwa ni tẹrú-tọmọ mọ̀ ọ́n sí.

Kò sí olùkọ́ tó kọ́ ọ ní gọ́ọ̀fù. Kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Bó ṣe ń di ọ̀pá mú pàápàá yàtọ̀ sí ti gbogbo èèyàn. Síbẹ̀, ó na àwọn tí gbogbo ayé kà sí ọ̀gá nínú eré náà.

Nígbà tí kò rọrùn mọ́ láti fi bọ́ọ̀lù borí rẹ̀, òfin ni ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà fi dá a dúró.

Ọmọ ìran Íńdíà ní Durban

Nígbà tí àwọn ọdún 1920 ń parí lọ ni wọ́n bí Papwa, ní agbègbè Natal tí wọ́n ń pè ní KwaZulu-Natal lónìí. Ọmọ ìran Íńdíà ni.

Ọdún 1860 ni ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ tó kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Íńdíà gúnlẹ̀ sí Durban. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Natal nígbà náà ń wá èèyàn tí yóò ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké wọn. Ètò tí wọ́n fi kó àwọn èèyàn náà wá jọ ti ìwọ̀fà: wọ́n tọwọ́ bọ ìwé pé àwọn yóò ṣiṣẹ́ fún iye ọdún kan kí wọ́n tó lómìnira. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà sílé mọ́. Durban di ilé fún àwọn àti ọmọ wọn.

Ìdílé tí Papwa ti jáde kò lówó lọ́wọ́. Láti kékeré ló ti ń lọ sí pápá gọ́ọ̀fù àwọn aláwọ̀ funfun láti ṣe kádì, ìyẹn ẹni tó ń gbé àpò ọ̀pá tẹ̀lé agbá-gọ́ọ̀fù kiri. Owó díẹ̀ ló ń rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára bí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù.

Kò ní ọ̀pá tirẹ̀. Ẹ̀ka igi ló gbẹ́, òun ló sì fi kọ́ ara rẹ̀.

Ọwọ́ òsì nísàlẹ̀

Ẹni tó bá ń gbá gọ́ọ̀fù lọ́wọ́ ọ̀tún máa ń fi ọwọ́ òsì di òkè ọ̀pá mú, ọwọ́ ọ̀tún yóò sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni káàkiri àgbáyé nìyẹn.

Ti Papwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún ń dúró sí lòun náà ń dúró sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló wà lókè, tòsì ló wà nísàlẹ̀. Nígbà tí àwọn tó mọ eré náà yóò fi rí i, ó ti mọ́ ọn lára, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì ń lọ síbi tó bá rán an. Orúkọ Sewgolum ni àwọn ará Gúúsù Áfíríkà wá fi ń pe irú ìdìmú bẹ́ẹ̀.

Eré gọ́ọ̀fù kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ẹni tó borí. Iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kà, láti ihò àkọ́kọ́ títí dé ìkejìdínlógún. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló gba ife. Àwọ̀ ara kò sí nínú ìṣirò náà.

Ṣùgbọ́n ó wà nínú òfin. Ọdún 1948 ni ẹgbẹ́ òṣèlú National Party gba ìjọba ní Gúúsù Áfíríkà, tó sì sọ ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ kan sí òmíràn di ètò ìlú. Òfin ọdún 1950 pín àdúgbò fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ti ọdún 1953 pín etíkun, ọkọ̀, àga ìjókòó àti ilé ìyàgbẹ́.

Ìyẹn ni pé àwọn adúláwọ̀ àti àwọn ọmọ Íńdíà lè gbé àpò aláwọ̀ funfun yí pápá ká, ṣùgbọ́n wọn kò lè bá a díje níbẹ̀. Ìdíje tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun ni Papwa ń gbá, ó sì ń gba ife níbẹ̀ léraléra.

Láti ilé iṣẹ́ òróró dé Yúróòpù

Ẹni tó yí ìtàn rẹ̀ padà ni Graham Wulff, aláwọ̀ funfun kan tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà ní Durban. Òun ló ṣe òróró ìpara tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Oil of Olay. Papwa ṣe kádì fún un, ó sì tún bá a ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rẹ̀.

Wulff rí i pé ọwọ́ ọkùnrin yìí ju ti ẹni tó yẹ kó máa gbé àpò lọ. Ní ọdún 1959, ó mú un dání lọ sí Yúróòpù kó lè bá àwọn ọ̀gá díje.

Ọdún yẹn gan-an ni Papwa gba Dutch Open, ìdíje tó ti wà láti ọdún 1912. Kádì tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn di akọni tí àwọn ìwé ìròyìn ń kọ nípa rẹ̀.

Ó padà lọ ní ọdún 1960, ó tún gbà á. Ó gbà á lẹ́ẹ̀kẹta ní ọdún 1964. Láàárín méjèèjì, ní ọdún 1963, ó wà ní ipò kẹtàlá pẹ̀lú àwọn mìíràn nínú The Open ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan lára àwọn ìdíje mẹ́rin tó ga jù lọ nínú gọ́ọ̀fù.

Ní Yúróòpù, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo agbá-gọ́ọ̀fù ń gbà wọlé. Ní ilé, ìwé àṣẹ ìjọba ni Papwa gbọ́dọ̀ gbà kó tó lè bá aláwọ̀ funfun díje, ìjọba ló sì ń pinnu ìgbà tí yóò fún un àti ìgbà tí kò ní fún un.

Ọjọ́ tí òjò rọ̀ ní Durban

Ní ọdún 1963, wọ́n gbà fún un láti kópa nínú ìdíje Natal Open ní Durban Country Club. Àwọn aláwọ̀ funfun tó bá díje lé ní 100.

Papwa borí gbogbo wọn. Gbígbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló fi ṣáájú àwọn tó tẹ̀lé e.

Bí àsìkò àti fún un ní ife ṣe tó ni òjò dé. Àwọn agbá-gọ́ọ̀fù yòókù àti àwọn àlejò ti wà lábẹ́ òrùlé, inú ilé ẹgbẹ́ tí òfin kò jẹ́ kí Papwa wọ̀. Ìta ni wọ́n ti gbé ife fún un, lórí koríko, nínú òjò.

Yorùbá gbà pé òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ní Durban lọ́jọ́ náà, òfin ti yan ẹni tí òjò yóò pa.

Àwòrán ọkùnrin tó di ife mú nínú òjò náà tàn ká ayé. Àwọn tí kò tíì rí pápá gọ́ọ̀fù rí lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà ti máa ń sọ pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń gbé lọ́tọ̀ fún àlàáfíà gbogbo wọn. Àwòrán kan ṣoṣo ló mú kí ọ̀rọ̀ yẹn ṣòro gbà gbọ́.

Ó na Gary Player, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1965, Papwa tún padà sí Natal Open. Lọ́tẹ̀ yìí, Gary Player wà níbẹ̀.

Player ni agbá-gọ́ọ̀fù aláwọ̀ funfun tó lókìkí jù lọ ní Gúúsù Áfíríkà. Ọdún 1965 yẹn náà ló gba US Open, tó fi di ọ̀kan lára ìwọ̀nba èèyàn tó ti gba gbogbo ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Papwa nà án ní Durban. Ife Natal Open di tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Bí Papwa bá jẹ́ aláwọ̀ funfun, irú ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ọrọ̀. Tirẹ̀ di ìbẹ̀rẹ̀ òpin. Ní ọdún 1966, ìjọba kọ̀ láti jẹ́ kó bá aláwọ̀ funfun díje mọ́ nílùú náà. Wọ́n tún gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, kó má baà rí ọ̀nà lọ sí òkèèrè.

Ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun kò ní owó oṣù. Ìdíje tó bá kópa nínú rẹ̀ ni oko rẹ̀, owó ẹ̀bùn ibẹ̀ sì ni irè oko. Wọ́n gba oko náà lọ́wọ́ Papwa nígbà tí agbára ṣì wà lára rẹ̀, tí kò tíì pé ẹni 40 ọdún.

Áfíríkà dìde

Nígbà tí nǹkan ń le sí i fún Papwa, àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti Gúúsù Áfíríkà kúrò nínú eré ìdárayá àgbáyé. Wọn kò gbà á láàyè ní Olympics Tokyo lọ́dún 1964. Ní 1970, ìgbìmọ̀ Olympics yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ pátápátá.

Ọdún 1966, tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ Papwa, náà ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Gíga fún Eré Ìdárayá ní Áfíríkà sílẹ̀ ní Bamako, olú ìlú Mali. Abraham Ordia, ọmọ Nàìjíríà, di ààrẹ rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó jà jù lọ kí orílẹ̀-èdè kankan má ṣe bá Gúúsù Áfíríkà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣeré mọ́.

Ìjọba Gúúsù Áfíríkà náà mọ̀ ọ́n lára. Ní 1971, wọ́n gba Lee Elder, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, láàyè láti wá gbá gọ́ọ̀fù pẹ̀lú aláwọ̀ funfun. Gary Player ló pè é. Ọdún yẹn náà ni Elder gba ife ẹ̀yẹ Nigerian Open, tí wọ́n gbá ní Ikoyi Club, Èkó.

Àlejò láti òkè òkun rí ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀. Ọmọ onílé ti lo ọdún márùn-ún níta.

Ikú rẹ̀ àti orúkọ tó kù

Papwa kú ní oṣù Keje ọdún 1978. Àìsàn ọkàn ló pa á, kò tíì pé ẹni 50 ọdún. Kò sí ọrọ̀ kan tó yẹ ẹni tó gba ife tó tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó kú.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, Nàìjíríà kọ̀ láti lọ sí ìdíje Commonwealth ní Edmonton, Kánádà, nítorí pé New Zealand ṣì ń bá Gúúsù Áfíríkà ṣeré. Àwọn eléré Nàìjíríà pàdánù àmì ẹ̀yẹ tí wọn ì bá gbà, kí ìwà tí wọ́n hù sí Papwa àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún bíi tirẹ̀ lè dópin.

Ọdún 1994 ni gbogbo ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó dàgbà tó láti dìbò tó dìbò pọ̀, láìwo àwọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn Papwa kiri. Chris Nicholson, adájọ́ kan ní Natal, kọ ìwé nípa ìgbésí ayé rẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 2005.

Pápá gọ́ọ̀fù kan wà ní Durban báyìí tó ń jẹ́ Papwa Sewgolum. Pápá ìlú ni.

Iye ife tí ìbá tún gbà láàárín 1966 àti ìgbà tó kú, kò sẹ́ni tó lè kà á. Èyí tó gbà wà nínú àkọsílẹ̀: Dutch Open ní 1959, 1960 àti 1964, Natal Open ní 1963 àti 1965. Ìjọba tó lé e kúrò lórí pápá ti lọ, ṣùgbọ́n kò rí ìkankan nínú wọn pa rẹ́ kó tó lọ.