Charles Darwin àti Eruku Ọyẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé ní Tukur-Tukur àti ní àwọn àdúgbò Zaria yòókù, ẹ mọ ọyẹ́ ju àwọn ará ilé lọ. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ètè a máa là, oòrùn a sì dà bí ẹni tí a fi aṣọ bò lójú. Ẹ ó gbálẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó tó di ọ̀sán eruku a tún ti bo àga àti tábìlì. Ìdọ̀tí lásán ni ọ̀pọ̀ wa kà á sí, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà láyé àtijọ́ tí kò gbá a dànù. Charles Darwin ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Shrewsbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí i sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì, ọdún 1809. Dókítà ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè fara da rírí iṣẹ́ abẹ, ó sì fi ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀. Wọ́n wá rán an lọ sí Cambridge kí ó lè di àlùfáà. Ní ọdún 1831 ni ìpè dé pé kí ó bá Ọ̀gá ọkọ̀ Robert FitzRoy lọ nínú Beagle, ọkọ̀ onígbòkun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń rán lọ wọn etíkun Gúúsù Amẹ́ríkà. Baba rẹ̀ kọ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀, Josiah Wedgwood, ni ó bá a bẹ baba kí ó tó gbà.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ta ìgbòkun kúrò ní Plymouth. Ọmọ ọdún 22 ni Darwin, èébì òkun kò sì jẹ́ kí ó gbádùn. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1832, bí wọ́n ti ń súnmọ́ erékùṣù Santiago ní Cape Verde, ó rí eruku rúsúrúsú tí ó lẹ̀ mọ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà ní ṣóńṣó òpó ọkọ̀, èyí tí a fi ń mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Àwọn atukọ̀ mọ eruku yìí dáadáa: a máa ta wọ́n lójú, a sì máa mú òkun ṣókùnkùn débi pé àwọn ọkọ̀ kan ti forí sọ ilẹ̀. Darwin kó o pamọ́.

Lẹ́yìn tí ó padà délé ní 1836, ó fi mẹ́rin mìíràn tí ó gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Charles Lyell kún un, ó sì kó wọn ránṣẹ́ sí Ehrenberg, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì. Awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá fi hàn pé ìkarahun àwọn ẹ̀dá tíntìntín wà nínú eruku náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé omi tí kò níyọ̀ ni gbogbo wọn ti gbé rí. Méjì nínú wọn wà tí Ehrenberg kò mọ̀ níbòmíràn àfi Gúúsù Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ Darwin dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé Áfíríkà ni eruku náà ti wá, nítorí pé àsìkò ọyẹ́ ni ó ń bọ́, láti ìhà ọ̀dọ̀ wa sì ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nígbà náà. Ó tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1846.

Òótọ́ ni ó sọ. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni orísun eruku náà. Púpọ̀ nínú èyí tí ń bo Zaria ń wá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún ńlá kan wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ojú ọjọ́ yí padà, òjò fà sẹ́yìn, adágún gbẹ, ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ sì di lẹ́búlẹ́bú tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri.

Ìwé tí Darwin kọ ní 1859 lórí bí àwọn ẹ̀dá ṣe ń yí padà ni ó sọ ọ́ di olókìkí, tí ó sì dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin, 1882, wọ́n sì sin ín sí Westminster Abbey. Ní oṣù Kẹjọ 2023, ọkọ̀ onígbòkun mìíràn, Oosterschelde, gbéra ní Plymouth láti tọ ipa ọ̀nà Beagle, kí àwọn ọ̀dọ́ lè kọ́ bí a ti ń tọ́jú òkun àti ẹ̀dá inú ayé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, bí ọyẹ́ bá tún dé tí ẹ mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ẹ fi eruku yìí kọ́ àwọn ọmọ yín lọ́gbọ́n. Kí wọ́n má ṣe gé igi láìfi òmíràn rọ́pò, kí wọ́n má sì ṣe fi omi ṣòfò. Adágún tí ó gbẹ ni ẹ ń gbá kúrò nílẹ̀ yẹn.