Ayọ̀délé Awójọbí

Ayọ̀délé Awójọbí (12 Oṣù Kẹta 1937 – 23 Oṣù Kẹsàn-án 1984) jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣiṣẹ́-ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ìlú Èkó, olùṣẹ̀dá ẹ̀rọ àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà. Òun ni ó ṣe Autonov 1, ọkọ̀ tí ó lè sáré síwájú àti sẹ́yìn bákan náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Òṣòdì ní Èkó ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ìkòròdú, jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin; ìyá rẹ̀, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, jẹ́ oníṣòwò. Ó kàwé ní CMS Grammar School ní Èkó. Ní 1962, ó gboyè àkọ́kọ́ ní ipele gíga jùlọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Zaria. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Imperial College, Lọ́ńdọ̀nù, ní 1966. Ìwádìí rẹ̀ dá lórí ìgbọ̀nrìrì àwọn ohun líle tí a gbé ka orí ilẹ̀, bí ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́. Ní 1974, iṣẹ́ yìí mú kí ó gba oyè DSc, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á níbẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣiṣẹ́-ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọkọ̀

Ìdí-Àràbà ni Yunifásítì Ìlú Èkó ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn. Akọka ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ wà, níbi tí Awójọbí ti ṣiṣẹ́. Ó gbé sítíárìn ọkọ̀ Opel Olympia Rekord tirẹ̀ kúrò ní ọ̀tún sí òsì. Apá òsì ni sítíárìn yẹ kí ó wà ní Nàìjíríà láti 2 Oṣù Kẹrin 1972, tí orílẹ̀-èdè náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ le: bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ bá sítíárìn lọ, láìfi ara kan kábúrétọ̀ tàbí páìpù èéfín.

Jíípù irú ti àwọn ológun ni ó sọ di Autonov 1. Jíà ẹyọ kan péré ni ọkọ̀ lásán ní fún ìpadàsẹ́yìn, kì í sì í jẹ́ kí ó yára. Awójọbí fi sítíárìn kejì sí ẹ̀yìn jíípù náà, ó sì ṣètò rẹ̀ kí jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ṣiṣẹ́ ní ìhà méjèèjì. Bí ọ̀nà bá tóóró, awakọ̀ kò ní láti yí ọkọ̀ po. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ti di iwájú.

Ìṣèlú

Lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ 1979, àríyànjiyàn ńlá ṣẹlẹ̀ lórí ohun tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 jẹ́. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí ìjáwé olúborí Shehu Shagari. Awójọbí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó kọ̀wé, ó sọ̀rọ̀ ní gbangba, ó sì pe ìjọba lẹ́jọ́.

Ikú àti ìrántí

Ẹni ọdún 47 ni nígbà tí ó kú. Ní 2009, Babátúndé Fáṣọlá, gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, ṣí ère rẹ̀ ní oríta Onike ní Yábàá, nínú ọgbà tí a fi orúkọ rẹ̀ pè.