Elizabeth Greenfield, Olórin Ọ́pẹ́rà

Nínú kíláàsì, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ la máa ń tò sórí ọ̀rọ̀. Obìnrin yìí ní gbogbo wọn lọ́nà ọ̀fun: ó ń kọrin tín-ín-rín bí ọmọbìnrin, á sì sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi dún bí ọkùnrin.

Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Natchez, ní Mississippi, ní nǹkan bí ọdún 1820. Obìnrin òyìnbó tó ni àwọn òbí rẹ̀ dá wọn sílẹ̀, ó sì tọ́ ọmọ náà ní Philadelphia. Ìjọ Quaker ni ìyá yìí ń lọ, wọn kò sì fẹ́ràn orin níbẹ̀. Ọmọ náà kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tí ìyá yìí kú, àwọn ẹbí rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ogún ọmọ náà lọ sí kóòtù, ni orin bá di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Ní 1851 ó kọrin ní Buffalo, wọ́n sì sọ ọ́ ní Black Swan, orúkọ ẹyẹ omi ọlọ́rùn gígùn kan. Jenny Lind, òyìnbó ará Sweden tó ń kọrin káàkiri Amẹ́ríkà nígbà náà, orúkọ ẹyẹ ni wọ́n fún òun náà. Èmi ò ka irú èyí sí oríkì. Oríkì a máa sọ orísun ènìyàn. Èyí kàn ń fi òṣùwọ̀n ẹlòmíràn wọn obìnrin dúdú ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1853, ó kọrin ní Metropolitan Hall ní New York. Nǹkan bí 4,000 ènìyàn ló wá, òyìnbó sì ni gbogbo wọn, nítorí wọn kò jẹ́ kí ènìyàn dúdú wọlé. Àwọn kan tún ń halẹ̀ pé àwọn yóò dáná sun ilé náà torí pé dúdú ni olórin, ni wọ́n bá kó ọlọ́pàá síbẹ̀. Ẹ wò ó: ènìyàn dúdú lè dúró kọrin, kò lè jókòó gbọ́ ọ! Inú bí àwọn ènìyàn rẹ̀ sí i. Kò bá wọn jiyàn. Ó tọrọ àforíjì, ó sì kọrin níbòmíràn láti fi wá owó fún ilé àwọn arúgbó àti ilé àwọn ọmọ òrukàn dúdú. Ó yẹ kó ti kọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Mo rò pé ẹni tí ọ̀gá ń gbé kiri kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Lọ́dún náà ló kọjá sí England. Ẹni tó bá a ṣàdéhùn já a kulẹ̀, ó kù ú sí ìlú onílùú láìsí owó. Harriet Beecher Stowe, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ló bá a wá àwọn olùrànlọ́wọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1854, ó kọrin níwájú ọbabìnrin Victoria, ẹni kan náà tí wọ́n mú Àìná lọ bá ní 1850, ọmọ Òkè-Odàn tí ogun Dàhòmì kó, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa ní Massè. Pọ́n-ùn 20 ni ọbabìnrin fún olórin náà.

Àìsówó dá a padà sílé lọ́dún náà. Ó ń kọ́ni lórin ní Philadelphia, ó sì kó àwọn olórin dúdú jọ láti máa kọ ọ́pẹ́rà. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1876. Ó pé ọdún 23 géérégé sí alẹ́ Metropolitan Hall.