Conrad Hubert: Bí iná ẹ̀ṣọ́ tí kì í pẹ́ kú ṣe di tọ́ọ̀ṣì

Tí NEPA bá mú iná lọ ní Ajégúnlẹ̀, tọ́ọ̀ṣì ni ọwọ́ kọ́kọ́ máa ń wá, yálà ti orí fóònù ni o, tàbí oníbátìrì. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé àwọn tó ń ta iná ẹ̀ṣọ́, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì òde àríyá, ló kọ́kọ́ sọ tọ́ọ̀ṣì di ọjà. Conrad Hubert ni ọ̀gá wọn. Ìtàn ayé ẹ̀ la gbé wá lónìí.

Ìlú Minsk ni wọ́n ti bí i. Belarus ni ìlú náà wà báyìí, ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà ló wà nígbà yẹn. Júù ni àwọn òbí ẹ̀, Akiba Horowitz ni wọ́n sì sọ ọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1891, ó kó ẹrù ẹ̀, ó gba New York lọ, ó sì yí orúkọ padà. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Ajégúnlẹ̀ láti ìlú òkèèrè ló ṣe ṣe é: iṣẹ́ tó bá rí ló ń ṣe. Ó ta sìgá, ó ṣí ilé oúnjẹ, ó sì ta ohun ọ̀ṣọ́.

Nígbà tó yá, ó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń ta àwọn nǹkan àrà tó ń lo bátìrì. Wọ́n ní píìnì táì tó ń tàn, wọ́n sì ní ìkòkò òdòdó tó ní gílóòbù nínú. Joshua Lionel Cowen, tó wá di gbajúmọ̀ nídìí rélùwéè ìṣeré àwọn ọmọdé, máa ń sọ pé òun lòun ṣe ìkòkò òdòdó yẹn tóun sì gbé e fún Hubert. Àwọn òpìtàn kan ò gbà á lẹ́nu ẹ̀.

Ẹni yòówù kó ṣe é, ìṣòro kan náà ló ní. Bátìrì ìgbà yẹn kì í lè gbé iná fún ìgbà pípẹ́, ó gbọ́dọ̀ sinmi díẹ̀ kó tó tún lágbára. Gílóòbù ìgbà yẹn náà sì ń jẹ iná púpọ̀. Ẹni tó bá ra iná ẹ̀ṣọ́ fẹ́ kó tàn látìrọ̀lẹ́ dòru, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí yóò fi kú.

David Misell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wá ṣe èyí tó yanjú. Ó to bátìrì tẹ̀ léra wọn sínú páálí tó ká roboto, ó fi gílóòbù sí ẹnu ẹ̀, ó sì fi idẹ sẹ́yìn gílóòbù kó lè da ìmọ́lẹ̀ síwájú. Ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 1899 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́, ilé-iṣẹ́ Hubert ló sì gba ẹ̀tọ́ náà.

Ṣé ẹ rí i, bátìrì náà ò yí padà o. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló yí padà. Tọ́ọ̀ṣì ò nílò kó tàn mọ́jú. Ẹ tàn án, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò, ẹ pa á. Hubert fún àwọn ọlọ́pàá New York ní díẹ̀ kí wọ́n lò ó, wọ́n sì yìn ín. Ajé wá gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀. Lọ́dún 1914, National Carbon ra ilé-iṣẹ́ Ever Ready lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà tí wọ́n ṣí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1901 wá dá dúró nígbà tó yá. Òun ló ń ṣe bátìrì Berec, táwọn àgbà wa ò ní gbàgbé, tí wọ́n ń kì sínú rédíò àti tọ́ọ̀ṣì.

Ọdún 1928 ni Hubert kú sí Cannes, ní Faransé. Èyí tó pọ̀ jù nínú dúkìá ẹ̀ ló ní kí wọ́n fi ṣàánú. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n yàn láti pín in ni Calvin Coolidge, tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, Alfred Smith, tó jẹ gómìnà New York, àti oníṣòwò Julius Rosenwald. Ẹlẹ́sìn Pùròtẹ́sítáǹtì, ẹlẹ́sìn Kátólíìkì àti Júù ni wọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń to iná oníbátìrì fún òde àríyá ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá, ti yín ti dáa ju tiwọn lọ, torí gílóòbù LED ò jẹ iná púpọ̀. Bátìrì tí wọ́n kọ 2000 mAh sí lára, tí iná yín bá ń jẹ 200 mA, á lo wákàtí 10 lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ tan èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe títí á fi kú, kẹ́ ẹ mọ iye wákàtí tó lò gan-an, kẹ́ ẹ tó gbé e fún oníbàárà. Bí kò bá tó òru àríyá kan, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn tí agbára ẹ̀ ká.